Ìwé àlọ́ Owé fún ọgọ́ta ilé péré: báwo la ṣe máa ṣe é?

Ọmọ Owé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kàbà ni mo wà. Mo ti gba àlọ́ méje sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà wa pẹ̀lú orin wọn, mo sì fẹ́ sọ wọ́n di ìwé kékeré. Kì í ṣe ìwé ọjà o. Àwọn tí mo ń ṣe é fún kò ju ọgọ́ta ilé lọ: mọ̀lẹ́bí àti ará àdúgbò nílé níbí, pẹ̀lú àwọn ọmọ wa ní Àbújá, Èkó àti Kàdúná tí wọ́n máa ń wálé lákòókò Kérésì. Èdè Owé gan-an, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí à ń sọ ní Kàbà níbí, ni mo fẹ́ kó wà nínú rẹ̀, bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́.

Ibi tí mo há sí rèé. Ṣé kí n kọ Yorùbá àjùmọ̀lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Owé ni àbí kí n fi Owé nìkan sílẹ̀? Ilé ìtẹ̀wé tí mo bi léèrè ní àwọn kì í tẹ ohun tó bá dín ní ẹ̀dà 500. Bí mo bá sì gbé fáìlì mi dé orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, àmì ohùn á tú ká, èyí tó wà lórí lẹ́tà á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn á di àpótí kékeré. Ẹnìkan ní kí n kúkú gbé gbogbo rẹ̀ sórí Facebook kí ayé lè rí i, àmọ́ ayé kọ́ ló ránṣẹ́ sí mi.

Tíṣà Ìjùmú

O kú iṣẹ́, àbúrò. Kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe máa lo ìwé náà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìpinnu yòókù ti ń wá. Nínú ọgọ́ta ilé yẹn, púpọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ Owé wọ eegun ni ojú ti ń ṣe bàìbàì, wọn kì í kàwé mọ́. Àwọn ọmọ Àbújá tí ojú wọn mú, Owé ò já geere lẹ́nu wọn. Kò sẹ́ni tó máa dá jókòó kà á láti páálí dé páálí. Ọmọ ni yóò máa kà á, ìyá àgbà á máa gbọ́, á máa tún ahọ́n ọmọ ṣe, ilé á sì máa gbe orin. Ìwé àkàsókè ni ìwé rẹ. Bó o bá ti gba bẹ́ẹ̀, lẹ́tà ní láti tóbi, gbólóhùn ní láti ṣeé kà lẹ́ẹ̀mí kan, orin ò sì gbọdọ̀ gé sí méjì níbi tí ọmọ ti fẹ́ ṣí ojú ìwé.

Orin ló máa ń bàjẹ́ jù nínú irú ìwé yìí, nítorí náà màá dúró níbẹ̀ díẹ̀. Tẹ lílé ní lẹ́tà lásán, kí o tẹ ègbè ní lẹ́tà dúdú kìjikìji, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Má ṣe kọ "ègbè bíi ti òkè" lẹ́yìn ìlà kejì bí àwọn ìwé kan ṣe máa ń ṣe. Ọmọ tó ń kà sókè ò ní ráyè gbójú padà sókè lọ wá a. Bó bá ti wá a, orin ti kú. Tẹ ègbè náà jáde ní gbogbo ìgbà tó bá wáyé, ó kéré tán fún ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́. Orin tó bá ju ìlà mẹ́wàá lọ, jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé ọwọ́ òsì, ìyẹn ojú ìwé 2, 4, 6 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá kún, yóò ṣàn sí ọwọ́ ọ̀tún, kò ní sídìí láti ṣí ojú ìwé láàárín orin. Òfo ìlà mẹ́rin márùn-ún tíyẹn bá dá sílẹ̀ lójú ìwé tó ṣáájú kì í ṣe àléébù.

Ní ti sípẹ́lì, àkọtọ́ 1974 tí gbogbo wa ń lò á gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìró Owé. Níbi tí kò bá ti gbé e, mú lẹ́tà kan, dúró tì í, kí o sì fi ìdajì ojú ìwé sọ ohun tó o ṣe níbẹ̀rẹ̀ ìwé. Kí o tó tẹ àlọ́ kejì ni kí o ti la ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀, bó o ṣe kọ ọ́, ojú ìwé tó ti jáde. Láìsí èyí, ọ̀rọ̀ kan náà á jáde lọ́nà mẹ́ta nínú ìwé olójú ìwé 32, wọn á sì ní o ò gbọ́ èdè. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àgbà méjì ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lóòótọ́, fi ti oníkálukú sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí o kọ orúkọ ẹni tó pa àlọ́ sábẹ́ àkọlé rẹ̀. Owé adúgbò kan kì í ṣe àṣìṣe Owé adúgbò kejì.

Má ṣàlàyé ohun tí ọmọ ilé mọ̀. Bí àlọ́ bá dárúkọ odò, dárúkọ oko, dárúkọ ewé, fi orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Àǹfààní ọgọ́ta ilé gan-an nìyẹn: o ò ní láti máa sọ fún àlejò pé odò ni. Ti àwọn ọmọ tó dàgbà sí ìdálẹ̀, ojú ìwé kan ṣoṣo lẹ́yìn ìwé, ọ̀rọ̀ 30 sí 40, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí iṣẹ́ bá parí, gbé e fún ẹlòmíràn kó kà á sókè níwájú rẹ. Má ràn án lọ́wọ́, má bá a pe ọ̀rọ̀, pẹ́ńsù ni kí o mú lọ́wọ́, kí o máa fàlà sí ibi tó bá ti dúró. Bó bá dúró tó sì tún ọ̀rọ̀ pè, àmì ohùn ló sọnù tàbí ló ṣì. Bó bá dúró tó béèrè, ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ sí ojú ìwé ẹ̀yìn. Bí èémí bá tán lẹ́nu rẹ̀, gbólóhùn yẹn gùn jù. Òǹkàwé mẹ́ta tó: àgbà kan tó ṣì ń ríran, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan, ẹnìkan tó ti pẹ́ ní ìdálẹ̀.

Ohun kan tó kù: bí oríkì ìdílé tàbí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dé ìlú bá yọjú nínú àlọ́ kan, padà lọ bi ẹni tó sọ ọ́ bóyá ó fẹ́ kó jáde nínú ìwé. Ohun téèyàn ń sọ lẹ́nu lásán lálẹ́ di ẹ̀rí bó bá ti wà lórí pépà, ẹjọ́ oyè kò sì jìnnà sí wa nílẹ̀ yìí.

Ọmọ Yàgbà l'Ékòó

Mo fara mọ́ ọn, àfi bó bá jẹ́ pé Owé nìkan ló máa wà níbẹ̀ láìsí Yorùbá àjùmọ̀lò rárá. Ẹ rántí pé ọmọ tí kò mọ ohun tó ń kà á gbé e jù sílẹ̀ kí ìyá àgbà tó jókòó dáadáa.

Kíkọ méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn. Ojú ìwé á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ojú ọmọ á sì máa sá lọ síbi tó rọrùn, kò ní ka Owé mọ́ rárá. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi ìlà mẹ́ta ní Yorùbá àjùmọ̀lò sórí àlọ́ kọ̀ọ̀kan, ní lẹ́tà kékeré: ta ló wà nínú rẹ̀, kí ló ń wá, ibo ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ òpin rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí ìtàn dojú kọ á lè máa méfò ọ̀rọ̀ yòókù fúnra rẹ̀.

Tíṣà Ìjùmú

Ìlà mẹ́ta, mo gbà. Ìlà mẹ́rin, mi ò gbà.

Atẹ̀wé Ìsánlú

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti títẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀dà 500, irin ńlá ló ń lò. Wọ́n ní láti ṣe pélétì, ìyẹn páànù tí wọ́n ya ojú ìwé sí, fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó pélétì náà ni kò jẹ́ kí ẹ̀dà kékeré bójú mu fún wọn. Iṣẹ́ ẹ̀dà 60, ọ̀nà méjì ló ní. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tàbí pírítà lésà, iye kan náà lórí ojú kọ̀ọ̀kan bó ti wù kó pọ̀ tó. Ìkejì ni Riso, èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ilé ẹ̀kọ́: ẹ ó san owó másítà, ìyẹn àwòṣe tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀, fún ojú pépà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà títẹ̀ fúnra rẹ̀ á pọ́ọ́kú. Ẹ béèrè iye méjèèjì lórí másítà 16, ẹ̀dà 60. Yíǹkì Riso kì í tètè gbẹ o. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ po, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú kan á fi dúdú kun èkejì.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Pépà A4 kan tí a ṣẹ́ po sí méjì ń di ojú ìwé A5 mẹ́rin, nítorí náà iye ojú ìwé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin: 28, 32, 36. Ojú ìwé 32 jẹ́ pépà 8. Pépà 8 lọ́nà 60 jẹ́ 480. Rímù kan jẹ́ 500. Ẹ rí i pé rímù kan gbé gbogbo inú ìwé, ó sì ku 20 fún èyí tí ẹ̀rọ bá jẹ. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ojú ìwé 36, rímù kan ò tó mọ́. Nínú 32, ẹ yọ mẹ́rin fún àkọlé, àlàyé sípẹ́lì, ojú ìwé ọ̀rọ̀ àti orúkọ àwọn tó pa àlọ́. Ó ku 28. Pẹ̀lú lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 14 nínú Word, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 180 ló ń wọ ojú ìwé A5 kan, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ 5,000 lápapọ̀, tàbí 700 fún àlọ́ kọ̀ọ̀kan. Àlọ́ tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, kó gba àyè tí èyí tó kúrú bá ṣẹ́ kù.

Àlàfo láàárín ìlà: ẹ má fi í sílẹ̀ bí Word ṣe gbé e wá. Yorùbá ní àmì lókè, ó ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ìlà bá há, ẹsẹ̀ ìlà òkè á tẹ orí àmì ìlà ìsàlẹ̀, àgbà ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Fún lẹ́tà 14, ẹ fi àlàfo sí 20 pt. Etí ìwé lápá ìta àti lápá ìdè, ó kéré tán mílímítà 18 lápá kọ̀ọ̀kan.

Àmì tó ń tú ká: lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kan pẹ̀lú àmì kan tó gùn ún ni. Fọ́ǹtì tí wọn ò kọ́ bí àmì ṣe ń jókòó á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ lo Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif; ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sọ ọ́ di PDF tó gbé fọ́ǹtì rẹ̀ sínú. Ẹ ṣí PDF náà lórí fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ wo ẹ́, ọ̀, ṣ àti ń. Bó bá dúró níbẹ̀, yóò dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá ní òun fẹ́ kó o sínú CorelDraw, áàpù tí wọ́n fi ń ya àwòrán, kó lè "tún un ṣe", ẹ sọ fún un pé kó tẹ̀ ẹ́ láti inú PDF bó ṣe wà. Inú CorelDraw ni àmì ohùn ọ̀pọ̀ ìwé ìsìnkú ń kú sí.

Títò ojú ìwé: nínú Adobe Reader, ẹ mú "Booklet" níbi títẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń tẹ ojú méjèèjì fúnra rẹ̀, ìyípadà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ "short edge". Bó bá jẹ́ "long edge", ẹ̀yìn pépà á dorí kodò. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo ná, ẹ ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ ka nọ́ńbà ojú ìwé láti 1 dé 32 kí ẹ tó ní kí wọ́n máa lọ.

Èèpo ẹ̀yìn, pépà gíráàmù 160 sí 200. Ọ̀pọ̀ pépà A4 ni okùn rẹ̀ gùn lọ lóòró, ìṣẹ́po wa sì gé e kọjá, ìdí nìyẹn tí pépà líle fi máa ń sán níbi ìdè. Ẹ fi rúlà àti bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán fa ìlà sí àárín gbùngbùn kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ dúdú tàbí àwọ̀ tó ki kọjá lórí ìdè: yíǹkì lésà orí pépà ni ó jókòó sí, yóò bó.

Ìdè: pín-ìnnì 26/6 méjì, láti ìta wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí òkè àti sí ìsàlẹ̀. Sítépùlà lásán ò lè na ọwọ́ dé àárín A4. Bí ṣọ́ọ̀bù ò bá ní èyí tó gùn, ẹ ṣí sítépùlà yín pátápátá, ẹ tẹ́ páálí fóòmù sábẹ́ ìwé, ẹ gbá a wọlé, kí ẹ fi ìdí ṣíbí tẹ ẹnu rẹ̀ pa nínú. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gé etí ìta ní mílímítà 2 sí 3, torí pépà àárín máa ń yọ ahọ́n síta.

Etí Gbọ́n

Ìwé nìkan ò tó fún iṣẹ́ yìí. Àgbà tí kò ríran mọ́ ńkọ́? Ilé tí kò sẹ́ni tó lè pe Owé dáadáa ńkọ́? Àlọ́ méje náà gbọ́dọ̀ ní ohùn.

Bó bá jẹ́ fóìsì nóòtì WhatsApp lẹ fi gbà á sílẹ̀, ẹ tún un gbà. WhatsApp ti fún ohùn pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ò lè tú u padà. Ẹ lo áàpù ìgbohùnsílẹ̀ tó ń ṣe WAV, irú fáìlì ohùn tí wọn ò fún pọ̀, 44.1 kHz, mono. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ nǹkan bíi MB 5, ẹ wo àyè inú fóònù kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfurufú. Kó jìnnà sí ẹnu tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ tí a là sílẹ̀, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà máa gbá a. Yàrá ìbùsùn tó ní mátírẹ́ẹ̀sì àti aṣọ tí wọ́n fi kọ́ dára ju pálọ̀ onítáìsì lọ. Fáànù, fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀, ẹ pa wọ́n. Abẹ́ páànù lákòókò òjò, ẹ má wulẹ̀ gbé e jáde.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí apàlọ́ dá nìkan jókòó sọ fún fóònù. Ohùn rẹ̀ á kú, á máa sáré. Ẹ wá ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí yóò dáhùn tí yóò sì máa gbè, àmọ́ kí wọ́n jókòó bíi mítà méjì sẹ́yìn fóònù, torí pípàtẹ́wọ́ máa ń ga ju ọ̀rọ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orin kan ná, kẹ́ ẹ wo òṣùwọ̀n ohùn lójú áàpù: bó bá ń kan orí, ẹ sún fóònù sẹ́yìn. Ohùn tó bá ti fọ́ báyẹn, kò sí áàpù tó ń tún un ṣe. Kí gbogbo ilé dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Audacity, áàpù ìtúnṣe ohùn orí kọ̀ǹpútà, máa lò láti mọ ariwo yàrá tó fẹ́ yọ. Ẹ má yọ ọ́ jù, ìwọ̀n dB 6 sí 9 tó, bó bá jù bẹ́ẹ̀ ohùn á dà bí ẹni tó wà nínú kànga.

Pínpín rẹ̀: MP3, mono, 64 kbps. Àlọ́ oníṣẹ́jú mẹ́wàá á jẹ́ bíi MB 5, kò ní jẹ dátà jù. Tí ẹ bá ń lo broadcast WhatsApp, ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ nìkan ló ń rí i gbà. Gúrúùpù ìdílé ló dára jù. Fún àwọn àgbà, mẹ́mọ́rì káàdì fún rédíò kékeré wọn. Ẹ ṣètò (format) káàdì sí FAT32. Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì, àwọn ẹ̀rọ yẹn ò lè kà á: "01 ijapa", "02 ode", kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wo nọ́ńbà pàápàá, bí ẹ bá ṣe kó fáìlì wọlé ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa kó wọn, láti 01 lọ.

Ọmọ Owé

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Méjì ló kù. Mo ti ń ronú láti fi àwòrán aṣọ pupa Bùnú ṣe èèpo ẹ̀yìn, kó lè hàn pé ilé wa ni. Ìkejì, bí mo bá rí àṣìṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ gbogbo rẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Aláṣọ

Ọmọ mi, aṣọ pupa Bùnú yẹn, aṣọ ìpò là ń pè é, kì í ṣe aṣọ àlọ́. Aṣọ ìsìnkú àwọn olóyè ni, ti egúngún sì tún ni. Bí àgbà bá rí i lára ìwé ọmọdé, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni ta ló kú. Bí o bá fẹ́ aṣọ, mú aṣọ òfì lásán, funfun pẹ̀lú ìlà aró. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ náà á sì jáde dáadáa lórí ẹ̀rọ aláwọ̀ dúdú, nígbà tí pupa máa di dúdú gbuu.

Atẹ̀wé Ìsánlú

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn gba ti ìdè náà mọ́ ọn. Dúdú gbuu ni yóò kọ́kọ́ sán.

Ti àṣìṣe: ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un ní pín-ìnnì lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ kó pépà náà lọ sílé láìdè, ẹ ka ẹ̀dà kan tán. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, gbogbo ìwé kọ́ lẹ máa tún tẹ̀. Nínú ìwé olójú ìwé 32, ojú ìwé méjì tó bá wà lórí ojú pépà kan náà máa ń jẹ́ 33 tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀. Bí àṣìṣe bá wà ní ojú ìwé 7, èkejì rẹ̀ ni 26, ẹ̀yìn wọn sì ni 8 àti 25. Pépà kan ṣoṣo yẹn lẹ máa tún tẹ̀, 60 péré, kẹ́ ẹ yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pépà 20 tó kù nínú rímù ò ní tó, ẹ yáa ra 50 sí i. Wọ́n ń ta á ní díẹ̀díẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì.